Ẹ̀yin Onímọ̀ Àpáta, Ọmọ Ọdún Mélòó ni Òkúta Kàbà?

Sí ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n jiọ́lọ́jì wa,

Ẹjọ́ ni mo gbé wá.

Ẹ sún mọ́ àpáta ẹ̀bá ọ̀nà Kàbà sí Okene. Ìlà dúdú àti funfun tò léra, wọ́n ká kò bí aṣọ tí wọ́n rún mọ́wọ́, òkúta pupa rúsúrúsú kan wá la gbogbo rẹ̀ kọjá. Èyí tó la èkejì ni àbúrò. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ooru ti ń sọ òkúta di rírọ̀, ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, kí ọ̀gbàrá tó fi àìmọye ọdún wọ́ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ. Inú ayé ló jáde síta yẹn.

Kí lẹ wá ń fi ṣe? Ẹ ó fọ́ ọ, ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìdánwò ní Kánádà. Nọ́ńbà èròjà inú rẹ̀ á dé, ẹ ó tò ó sórí àtẹ tí àwọn òyìnbó yà, ó di ìwé, ó di ìgbéga. Ẹ pa orúkọ ìlú dà, ìwé mìíràn tún dé.

Ní 1995, onímọ̀ àpáta A. E. Annor wo zircon inú òkúta Kàbà sí Okene, hóró tíntìntín tí yuréníọ̀mù inú rẹ̀ ń di òjé díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ orí tó bá níbẹ̀ lé ní bílíọ̀nù méjì ọdún. Ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tún yan òkúta náà. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Nọ́ńbà Kánádà nìkan ò lè dáhùn. Ẹ̀ ń dárúkọ Annor, ẹ sì ń kọjá lọ. Mo mọ̀ pé ìdánwò zircon wọ́n. Ẹ da owó ìwé mẹ́ta pọ̀, kí ẹ ṣe ẹyọ kan tó nítumọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ òkúta tún wà. Ní 1962, òkúta kan láti Mars, nǹkan bíi kìlógíráàmù 18, já bọ́ sí Zagami ní ilẹ̀ Katsina. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà báyìí. A ń ráhùn nípa ìyẹn, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé ní Kàbà ńkọ́? Mo ti rí òkìtì òkúta yẹn lẹ́yìn yàrá ìwádìí, òjò ti fọ nọ́ńbà tí ẹ kọ sí wọn lára nù.

Ẹ̀yin NMGS, ẹgbẹ́ awakùsà àti onímọ̀ àpáta Nàìjíríà, tí ẹ ti wà láti 1961, mo bẹ̀ yín: ẹ má gba ìwé kankan sínú jọ́nà yín mọ́ tí kò bá sọ ibi tí òkúta rẹ̀ wà ní ìpamọ́. Kí ẹ sì máa yọ owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìdánwò zircon, kí ti Kàbà ṣíwájú.