Òjò Nìkan Kọ́ Ló Ń Wó Ilé Amọ̀



Ọ̀rọ̀ ilé amọ̀ la fẹ́ bá yín sọ. Àwọn kan ń wí pé ilé tálákà ni. Ẹni tó bá rí owó díẹ̀, a wó ilé bàbá rẹ̀, a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. A kò bá a jà. Owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó wó o, kí ó kọ́kọ́ lọ wo Akaba Ìdènà ní Kétu.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ẹnubodè yẹn, pẹ̀lú odi àti yàrà tó yí ìlú ká. Ó ti wà níbẹ̀ kí ogun Dahomey tó kó Kétu ní 1886. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Nígbà tí ìjọba Dahomey ṣubú, àwọn tó ṣẹ́kù padà wálé, wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó. Ẹnubodè náà ṣì wà. Kí ló dá a sí? Àtúnṣe ni.

Ẹsẹ̀ ògiri ni òjò kọ́kọ́ ń jẹ, níbi tí omi òrùlé ń ta sí. Ihò kékeré ni lọ́dún yìí. Bí a bá fi sílẹ̀, ògiri á dà lulẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa, wọ́n ń lànà fún omi, wọ́n ń fi amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ rẹ́ ibi tó jẹ. Kì í ṣe sìmẹ́ńtì o! Omi á há sábẹ́ sìmẹ́ńtì, ògiri á máa rà nínú, òde rẹ̀ á sì máa dán lójú wa.

Wọ́n mọ ilẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ pupa dára fún ògiri. Ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí ń wú nígbà òjò, ó ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ààfin Abomey, amọ̀ ni. Ní 1985 tí UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé, ọdún yẹn náà ni wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Ó di 2007, lẹ́yìn àtúnṣe púpọ̀, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Àwọn mọlémọlé wa ń darúgbó. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ èdè wa kọ, ẹ lọ bá wọn: irú ilẹ̀ wo, ọjọ́ mélòó ni ó ń rẹ nínú omi, ìgbà wo ni ìpele kan gbẹ tó kí a tó mọ èkejì lé e? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí òjò tó dé.