Ewé kòkó pọ́n, ẹ ti gbé pọ́ǹpù: ẹ sinmi ná!

Ọ̀rọ̀ òní á ta díẹ̀, ẹ forí jì wá.

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ báyìí, ohun kan náà là ń rí láti Adó dé Ìyìn, dé Ìgèdè. Ewé ọmọ kòkó inú ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á máa gbẹ bí èyí tí iná rá. Olóko ò tíì wo ilẹ̀ inú ọ̀rá, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Wọ́n á ta apakòkòrò fún un, wọ́n á fi oògùn kòkó dúdú lé e, òun náà á po méjèèjì pọ̀ nínú pọ́ǹpù kan. Tó bá ṣe díẹ̀, owó lọ, kòkó náà lọ. Òjò á wá dé, kò ní sí ohun tá a máa gbìn. Ọdún kan ti ṣòfò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ gbangba: ewé pípọ́n kì í ṣe orúkọ àrùn. Bí ara gbígbóná ló rí. Ibà lè fà á, egbò lè fà á. Ta ló ń fún ọmọ lóògùn láìbi í pé ibo ló ń dùn ún?

Ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀:

1. Etí ewé ìsàlẹ̀ ló gbẹ, ilẹ̀ inú ọ̀rá sì le gbagidi? Òǹgbẹ ni. Omi ló ń fẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da fatiláísà sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló jó o.

2. Ewé ń pọ́n, àmọ́ ilẹ̀ tutù rinrin? Ẹ ya ọ̀rá kan wò. Gbòǹgbò tó dúdú, tó rọ̀, tó ń rùn, omi àpọ̀jù ló bà á jẹ́. Ẹ lu ọ̀rá níhò, ẹ dín omi kù.

3. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa nìkan ni? Ẹ lọ wo imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ ẹ fi bo nọ́sìrì, ó ti ṣí.

4. Ṣé pọ́ǹpù tẹ́ ẹ fi fọ́n apakoríko lẹ tún gbé wá síbẹ̀? A ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Ewé tuntun ló pupa, tó rọ̀, tó sorí kọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án! Bí ọ̀pọ̀ kòkó ṣe ń yọ ewé nìyẹn. Bó bá gbó, á tutù yọ̀yọ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé ẹ ò fẹ́ ká lo oògùn ni?" Rárá o. Bí ẹ bá rí ojú ọgbẹ́ dúdú kéékèèké lára ọ̀pá tútù, tí orí rẹ̀ ń kú bọ̀ wá sílẹ̀, kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó mu ló wà níbẹ̀. Apakòkòrò kàn án. Oògùn kòkó dúdú náà níṣẹ́ tirẹ̀ nígbà òjò. Àmọ́ oògùn wo ló ń rọ́pò omi? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Kẹ́ ẹ tó da èyíkéyìí nù, ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, ó ṣì wà láàyè. Bó bá gbẹ dé ìdí, ó ti kú, ewé tó kù lórí rẹ̀ kàn ń tàn yín ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á láti tún tà, ẹ máa họ ọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin olóògùn, ẹ bi oníbàárà yín léèrè kẹ́ ẹ tó gbowó: ìgbà wo lẹ bomi rin ín kẹ́yìn? Kí lẹ ti fọ́n sí i? Ewé àgbà ni àbí ewé tuntun? Àwa òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ náà jẹ̀bi. Wọ́n á fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa, a ti ń dárúkọ oògùn. Fọ́tò ewé ò lè fi gbòǹgbò hàn. Láti òní lọ, bí ẹ bá fi fọ́tò ewé ránṣẹ́, ẹ fi ti gbòǹgbò sí i. Bí kò bá sí i, a ò ní dárúkọ oògùn kankan.