Ẹ bi aláìsàn léèrè kí ẹ tó kun ilé ìwòsàn lọ́dà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn àwọn aláṣẹ nígbàkigbà tí wọ́n bá fi ìlù àti ijó ṣí ilé ìwòsàn alábọ́dé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ọ̀dà tuntun a máa dán, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dà ni aláìsàn ń wá lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá àgbà kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní abúlé oko kòkó lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe àpẹẹrẹ. Ó jí ní ìdájí, ó san owó ọ̀kadà dé ìlú, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé tán, ṣé wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Ṣé wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí fún un lọ́nà tó yé e? Ṣé oògùn rẹ̀ wà nílẹ̀, àbí ìwé pélébé ni wọ́n kọ lé e lọ́wọ́ pé kó lọ rà á níta? Ṣé wọ́n kí i bí a ti ń kí àgbà, àbí ńṣe ni ẹni tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ jágbe mọ́ ọn? Bí ìdáhùn kò bá dára, ìyá náà kò ní padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, rọpárọsẹ̀ ló sábà máa ń bá dé.

Ní Ogun Waterside, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abúlé etí ọ̀sà pọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Abígi. Láti Ìwopin tàbí Màkún-Omi, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nábánjọ tó wà ní Ṣágámù jìnnà réré. Àgọ́-Ìwòyè pàápàá, tó gba yunifásítì náà lálejò láti 1982, Ṣágámù yìí náà ni wọ́n ń lọ bí wọ́n bá ń wá ilé ìwòsàn yunifásítì ọ̀hún. Aboyún tó bá ń rọbí lóru létí ọ̀sà kò lè máa ro ti Ṣágámù. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ọn ló máa sáré lọ. Bó bá bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Síbẹ̀, wọ́n á ka ilé náà mọ́ iye ilé ìwòsàn tí ìjọba ní.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1927, ló jà fún ètò ìlera alábọ́dé yìí nígbà tó fi jẹ́ mínísítà láti 1985 sí 1992. Èrò rẹ̀ ni pé kí ìtọ́jú dé ẹsẹ̀kùlé mẹ̀kúnnù. Ilé dé ẹsẹ̀kùlé lóòótọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìtọ́jú ni kò bá a dé.

Dókítà kan, Avedis Donabedian, ti kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà láti 1966 pé ibi mẹ́ta ni a ń wò bí a bá fẹ́ mọ bí ìtọ́jú ṣe dára tó: ohun tó wà nílẹ̀, bíi ilé, irinṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà, àti ibi tó já sí fún aláìsàn. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn aláṣẹ wa fẹ́ràn láti máa kà, nítorí òun ló ṣeé yà ní fọ́tò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ Care Quality Commission ló ń yẹ ilé ìtọ́jú dókítà wò. Láti 2015 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n lẹ máàkì tí wọ́n bá gbà síbi tí aláìsàn á ti rí i, ìbáà dára, ìbáà burú. Àwọn kan á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lówó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èló ni pátákó àti ṣọ́ọ̀kì?

Kò yẹ kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru nọ́ọ̀sì o. Ní 2025, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Ẹni tó dá ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin mọ́jú, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, kò ṣòro kó kanra. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá bi aláìsàn léèrè, ta ló máa mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀?

Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà bèèrè ti wà nílẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé. Lára owó yìí ń lọ tààrà sí àsùnwọ̀n ilé ìwòsàn tó bá wà nínú ètò náà, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù sì ní láti lọ́wọ́ sí bí wọ́n ṣe máa ná an. Àwọn àgbà àdúgbò ló yẹ kó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìpàdé wọ́ọ̀dù tó ń bọ̀, kí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà béèrè ọjọ́ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fi tán nílẹ̀ lóṣù tó kọjá, àti orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sára pátákó lẹ́nu géètì, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ láti oko á ti kà á kó tó wọlé.