Wọ́n Dín Owó Orí Kù, Ta Ni Yóò San Gbèsè?

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé àjẹsílẹ̀ gbèsè ni kì í jẹ́ kí ẹgbẹ̀fà tó ná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òwe yìí túmọ̀ sí lóde òní, kó wo ètò ìṣúná ilẹ̀ wa fún ọdún 2025. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbé àbá náà lọ síwájú àwọn aṣòfin l'Ábùjá lóṣù Kejìlá, ọdún 2024, ohun tó sọ fún wọn ni pé ìjọba àpapọ̀ ń retí tírílíọ̀nù 34.82 náírà, ṣùgbọ́n tírílíọ̀nù 47.90 ni wọ́n fẹ́ẹ́ ná. Nínú èyí tí wọ́n fẹ́ẹ́ ná yìí, tírílíọ̀nù 15.81 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé oníkálukú. Nínú gbogbo 100 náírà tíjọba ń retí pé yóò wọlé, náírà 45 ti di ti olówó èlé kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu ba owó oṣù tíṣà tàbí oògùn ilé ìwòsàn. Bá a bá pín in sí iye ọjọ́ tó wà nínú ọdún, ó lé ní bílíọ̀nù 43 náírà lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún. Nínú àbá yẹn kan náà, tírílíọ̀nù 3.52 ni wọ́n kọ fún ètò ẹ̀kọ́, wọ́n kọ 2.48 fún ètò ìlera. Bá a bá da méjèèjì pọ̀, tírílíọ̀nù mẹ́fà péré ni, kò tó ìdajì ohun tó ń lọ sídìí gbèsè.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá ta kókó nìyí. Owó tí wọ́n ń retí fi tírílíọ̀nù 13.08 dín sí ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ ná, ẹ̀yáwó sì ni wọ́n gbójú lé jù lọ láti fi dí i. À ń yá tírílíọ̀nù mẹ́tàlá, à ń san ohun tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbèsè Táyé la fi ń san ti Kẹ́yìndé. Ẹ lè máa rò pé bí àbá náà ṣe dé ilé aṣòfin, wọ́n á ní kí wọ́n gé e kù. Rárá o. Nígbà tí Ààrẹ fi máa fọwọ́ sí i lóṣù Kejì, 2025, ó ti di tírílíọ̀nù 54.99.

Ẹnu ọdún yẹn kan náà la wà tí ọ̀rọ̀ owó orí fi dé. Lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹfà, 2025, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin mẹ́rin tó tún ètò owó orí ilẹ̀ wa tò, tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, oṣù Kìíní, 2026. Òfin náà ní 800,000 náírà àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ owó tó yẹ kéèyàn sanwó orí lé lórí lọ́dún, kíjọba má gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Iléeṣẹ́ kéékèèké tí gbogbo ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju 100 mílíọ̀nù náírà lọ bọ́ lọ́wọ́ owó orí iléeṣẹ́. Oúnjẹ, owó ilé ìwé àti ìtọ́jú ìlera kò sí lára ohun tá a máa sanwó VAT lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni VAT fúnra ẹ̀ kò kúrò ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà láti 2020.

Inú mi dùn sí i, mi ò ní í purọ́. Ẹni tó ń gba 70,000 náírà lóṣù, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2024, kò yẹ kíjọba tún máa jẹ lára ẹ̀. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági, bàbá tó ń kan àga l'Ábẹ́òkúta, ó yẹ kí wọ́n mí díẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: owó tíjọba ò ní í gbà lọ́wọ́ àwọn yìí mọ́, ibo ni wọ́n ti fẹ́ẹ́ rí i? Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ àwọn tó lówó jù, òfin náà sì gbìyànjú ìyẹn, torí ẹni tó rí já jẹ jù lọ yóò máa san 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n lè dín ìnáwó tara wọn kù. Bí wọn ò bá ṣe tó nínú méjèèjì, ẹ̀yáwó ló kù. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: owó orí tí wọ́n bá dín kù lónìí tí wọn ò sì dín ìnáwó kù, wọn ò dín in kù rárá. Wọ́n kàn sún un síwájú ni, wọ́n sì fi èlé lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Amẹ́ríkà gan-an gba ọ̀nà yìí. Láti 1998 sí 2001, owó tó ń wọlé fún ìjọba wọn ju ohun tí wọ́n ń ná lọ. Ààrẹ George W. Bush wá dín owó orí kù ní 2001, ó tún dín in kù ní 2003, nígbà tí ìnáwó ogun Afghanistan àti ti Iraq ń gorí ara wọn. Láti ìgbà náà, wọn ò tíì rí ọdún kan tí owó tó wọlé kájú ohun tí wọ́n ná. Gbèsè wọn tí kò tó tírílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ní 2001 kọjá tírílíọ̀nù 38 lóṣù Kẹwàá, 2025. Ṣùgbọ́n owó tiwọn ni wọ́n fi ń jẹ gbèsè, gbogbo ayé ló sì ń fẹ́ kó o pa mọ́. Àwa kì í tẹ dọ́là.

Ẹ wo ohun tí dọ́là yìí fojú wa rí. Lóṣù Kẹta, 2023, gbèsè tí Nàìjíríà jẹ lókè òkun jẹ́ bílíọ̀nù 42.67 dọ́là, tírílíọ̀nù 19.64 náírà ni nígbà náà. Lóṣù Kejìlá, 2024, ó di bílíọ̀nù 45.78 dọ́là. Ohun tó lé lórí ẹ̀ kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ó lé díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà, 2023, náírà tí wọ́n ń ṣẹ́ sí dọ́là kan ti kúrò ní 460, ó ti lé ní 1,500. Gbèsè náà wá di tírílíọ̀nù 70.29 náírà. Náírà la fi ń sanwó orí, dọ́là ni wọ́n ń bi wá.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé a ti bọ́ nínú ẹ̀ rí. Ní 1978, ìjọba ológun yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkè òkun, àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e náà ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láàárín 1980 sí 1989, a ò rí i san mọ́, èlé ń gorí èlé, owó ìtanràn ń gorí ẹ̀. Ìgbà tó fi máa di 2005, gbèsè tá a jẹ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Paris Club nìkan tó bílíọ̀nù 30 dọ́là. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni Ààrẹ, Ngozi Okonjo-Iweala ni mínísítà ètò ìnáwó. Wọ́n dúnàá dúrà títí, wọ́n fi bílíọ̀nù 18 jì wá, àwa san bíi bílíọ̀nù 12, a sì san èyí tó kẹ́yìn lóṣù Kẹrin, 2006. Owó epo wa ni, owó tó lè kọ́ ilé ìwé, tó lè la ọ̀nà. A fi ra òmìnira.

Ibo la wá wà báyìí? Àjọ tó ń mójú tó gbèsè ilẹ̀ wa, DMO, ní nígbà tí ọdún 2015 parí, gbèsè ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ tírílíọ̀nù 12.6 náírà. Lóṣù Kẹfà, 2025, ó ti di tírílíọ̀nù 152.4. Bá a bá fi 220 mílíọ̀nù èèyàn ṣe ìṣirò, ó tó 690,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ lórúkọ lónìí. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ, tó bá fi oṣù mẹ́wàá gbáko ṣiṣẹ́ láìjẹun, ìgbà yẹn ló tó lè san tiẹ̀ nìkan.

Láyé àtijọ́, bí baba bá yáwó tí kò rí i san, ó lè fi ọmọ ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà á máa lọ sóko olówó, á máa kọ ebè, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe, ti èlé ni. Ojú owó náà wà níbi tó wà, ó dọjọ́ tí baba bá san án kí ọmọ tó bọ́. A ti pa ìwọ̀fà rẹ́ pẹ́. Ẹ wá sọ fún mi, ọmọ tí wọ́n bí lónìí, tí owó ilé ìwé ẹ̀ ń lọ fún èlé ẹ̀yáwó tí kò mọ̀dí ẹ̀, kí là ń pe ìyẹn?

Kẹ́ni kẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ Ábùjá nìkan ni. Àwọn báńkì wa nìjọba ń yá owó tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń fún wọn lélé gidi. Lóṣù Kọkànlá, 2024, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, gbé òdiwọ̀n èlé tiẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, orí ìyẹn sì làwọn báńkì máa ń gùn lé kí wọ́n tó yá oníṣòwò lówó. Bó o bá jẹ́ báńkì, tíjọba fẹ́ẹ́ yá owó rẹ, tó o mọ̀ pé ìjọba kì í sá lọ, ṣé káfíńtà tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlàgi lo máa wá yá? Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọwọ́ fi ń kú, tí ọmọ iṣẹ́ ò ríbi kọ́ṣẹ́.

Mi ò sọ pé kíjọba má yáwó o. Gbèsè wà tó lójú. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí lóṣù Kẹfà, 2021, owó tí wọ́n yá ní Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ti rí ohun tá a yáwó fún. A lè béèrè pé èló ló ń pa, pé ìgbà wo ló máa san ara ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà ńlẹ̀. Gbèsè tí mò ń bá jà ni èyí tá a jẹ tán, tá ò rí ibi tó wọlẹ̀ sí. Tírílíọ̀nù 22.7 náírà ni ìjọba tó kọjá gbà lọ́wọ́ CBN díẹ̀díẹ̀, kó tó di pé ilé aṣòfin fọwọ́ sí i lóṣù Karùn-ún, 2023, pé kó di gbèsè tá a máa fi ogójì ọdún san. Òfin CBN tọdún 2007 sọ pé irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú. Ọdún 2007 yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin mìíràn tó ní iṣẹ́ ńlá tó máa wúlò fún ìlú àti ìdàgbàsókè ọmọ èèyàn nìkan ni kíjọba máa torí ẹ̀ yáwó. Òfin ò wọ́n wa. Ẹni tó máa pa á mọ́ ló wọ́n.

Àwọn tó ń gbèjà ìjọba á ní gbèsè wa kò tíì pọ̀ tá a bá fi wé gbogbo ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wa, pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n baálé ilé kì í fi owó tí gbogbo àdúgbò ń rí san gbèsè, èyí tó bá wọ àpò tiẹ̀ ló fi ń san. Wọ́n tún máa ń ní owó ìrànwọ́ epo tí wọ́n yọ lóṣù Karùn-ún, 2023, ti dín ìnáwó kù. Àwa tá à ń wọkọ̀ mọ iye tíyẹn ná wa. Ẹni tí a ń torí ẹ̀ gbààwẹ̀ kò gbọdọ̀ máa jẹ ọ̀sán. Lọ́dún 2023 yẹn gan-an, nínú àfikún ìṣúná tí wọ́n gbé lọ sílé aṣòfin, ọkọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀ fún Ààrẹ tí owó ẹ̀ lé ní bílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ariwo ta, ilé ìgbìmọ̀ aṣojúṣòfin sì ní àwọn ti yọ ọ́, pé àwọn gbé owó náà sórí ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ariwo yẹn ni mo fẹ́ ká kọ́gbọ́n lára ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ò kàwé púpọ̀ nígbà tí wọ́n dìde lábẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ìjọba: ẹ̀ ń gbowó orí, kí lẹ fi ṣe? Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó orí náà kù. Lónìí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kú nítorí ìbéèrè. Lóṣù Keje, 2025, ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i kíjọba yá owó tó lé ní bílíọ̀nù 21 dọ́là lókè òkun fún 2025 àti 2026. Mélòó nínú wa ló béèrè lọ́wọ́ sẹ́nétọ̀ tiẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi ṣe?

Àsìkò ìbò ni wọ́n máa ń wá bá wa. Ẹ má béèrè ìrẹsì, ẹ má béèrè ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta péré: èló lẹ yá lórúkọ wa, kí lẹ fi ṣe, ìgbà wo la máa san án tán? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kó má retí pé ká tún fi ọmọ wa dúró fún un.