Ẹ Wo Orí Ẹ̀gẹ́ Kí Ẹ Tó Sanwó Igi

Bí ẹ bá bi ẹni tó fẹ́ ra igi ẹ̀gẹ́ fún gbígbìn ní ohun tó ń wò, èsì méjì ni yóò fọ̀: èló ni ìdì kan, ṣé ó sì máa ń ta dáadáa? Mi ò bá a jà. Àmọ́ ó yẹ kó tún béèrè bí orí ẹ̀gẹ́ náà ṣe rí nígbà tó ṣì wà lóko.

Ìdí ni kòkòrò kan tó ń fa omi ara ewé ẹ̀gẹ́ mu. Ìran eégbọn ni, àwọ̀ ewé ló ní, agbára káká lojú fi ń rí i. Mononychellus tanajoa làwọn onímọ̀ ń pè é. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà, ní Uganda, kó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò rẹ̀. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyin rẹ̀ ti di àgbà tó ń yé ẹyin tirẹ̀. Ewé á rẹ̀, á rẹ̀ dànù, orí igi á wá ṣẹ́ku ọ̀pá lásán bí àbẹ́là.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀gẹ́ ló ń gbà á láàyè bẹ́ẹ̀. Lórí àwọn irú kan, ẹyin rẹ̀ kì í pọ̀, ọmọ rẹ̀ kì í tètè dàgbà, ọ̀pọ̀ á sì kú láìbímọ. Lọ́dún 1993, àjọ IITA, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà n'Ìbàdàn, tú kòkòrò mìíràn tó ti Brazil wá, Typhlodromalus aripo, sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọdẹ ni. Ó máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án, á jáde lóru láti pa kòkòrò àkọ́kọ́ jẹ. Ọ̀mùnú tó nírun ló sì fẹ́ràn láti máa gbé.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí: igi tí wọ́n dì sẹ́bàá títì kò ní ọ̀mùnú lára mọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ olùtà sì mọ̀, "àgíríìkì", bí ẹni ń pe gbogbo aṣọ ní àǹkárá. Ẹ lọ bá a lóko nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kó tó gé e. Ẹ fọwọ́ kan ọ̀mùnú, ẹ wo ewé tó tẹ̀lé e. Irun nìkan ò tó o, torí ẹ̀gẹ́ onírun tí kò ta kò wúlò fún oníṣòwò gààrí. Síbẹ̀, owó ọkọ̀ yẹn sàn ju owó oògùn apakòkòrò lọ, nítorí ọ̀pọ̀ oògùn ló ń pa ọdẹ mọ́ ẹran.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń yá àgbẹ̀ lówó ṣáájú ìkórè, kí ẹ fẹ́ mọ irú igi tó fẹ́ gbìn kí ẹ tó kawó fún un kì í ṣe àtojúbọ̀ rárá.