Ẹ Jẹ́ Kí Ajísààrì Ó Máa Kọrin

Kékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Kékeré náà ni Ìbàdàn Mesi Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lórin. Ta ni kò mọ̀ ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà-Ọba àti ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, pé bí oṣù Ààwẹ̀ bá ti wọlé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò, ìbáà ṣe télọ̀, ìbáà ṣe ọmọ kéwú, a máa kó ara wọn jọ lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, wọn a sì máa ti agboolé kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti sákárà, kí oníkálukú lè jí jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́? Ọ̀kan a lé orin, àwọn yòókù a gbè é. Ẹni tí ń lé e a dárúkọ baálé, a fi oríkì kí i, títí iná yóò fi tàn lójú fèrèsé. Orin yìí ni wéré, àwọn tí ń kọ ọ́ sì ni ajísààrì.

Àwọn kan wá ń sọ pé kí á pa á tì. Wọ́n ní fóònù abẹ́ ìrọ̀rí ti tó jí aláàwẹ̀, àti pé ariwo ìlù kì í jẹ́ kí aláìsàn sùn. Àròyé wọn kì í ṣe ìsọkúsọ, ó sì tọ́ kí akọrin dẹ ohùn bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ara ń ni. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Fóònù a máa jíni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ lórin rí? Nínú wéré ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí a bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, ti kọ́ orin lílé kí ó tó sọ ọ́ di fújì. Láti inú rẹ̀ ni Dáúdà Epo Àkàrà náà ti yọ pẹ̀lú orin awúrebe. Kò sí ẹni tí ó gba owó iṣẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iyì rẹ̀ wà: ẹni tí ń kọrin gbowó, ẹnu ọ̀nà olówó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ajísààrì a máa yà sílé opó gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yà sílé Mọ́gàjí.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ. Nítorí náà, kí àwọn Mọ́gàjí àti lèmọ́mù àdúgbò jọ fi àkókò àti ààlà lélẹ̀ fún ẹgbẹ́ wéré, kí bàbá kankan má sì ṣe dá ọmọ rẹ̀ tí ó gbé agogo lọ́wọ́ dúró nílé.