Ojú Irin Tí Wọ́n Là Nítorí Èédú

Kò sí ẹni tó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láti orí ẹní rẹ̀ rí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ìsẹ̀ ò gbọ́ ọ, Emùré náà ò gbọ́ ọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń la ojú irin láti Èkó lọ sókè, wọ́n gba Ìbàdàn, wọ́n dé Òṣogbo ní 1907, wọ́n sì kọrí sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Wọn ò yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Kòkó gúúsù Èkìtì, obì rẹ̀ àti pákó inú igbó rẹ̀, orí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì dé, lọ́rì náà ló sì ń gbé wọn títí dòní, lójú ọ̀nà tó ń já ọkọ̀ àti awakọ̀ kulẹ̀.

Ní oṣù kẹta 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà tó fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe ojú irin tirẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni àṣẹ yẹn wà. Ṣé Èkìtì fẹ́ rélùwéè? Ta ni yóò ní òun ò fẹ́? Èyí tó le níbẹ̀ ni kí wọ́n mọ ohun tí ọkọ̀ náà yóò máa gbé, nítorí ojú irin kan wà ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà tí wọ́n fi ẹrù kan ṣoṣo ṣe ìdí rẹ̀, ohun tójú rẹ̀ sì rí kò kéré.

Ní 1909, àwọn tí Albert Kitson ṣáájú láti yẹ inú ilẹ̀ gúúsù Nàìjíríà wò rí èédú nítòsí Udi, lágbègbè Enugu. Èédú yìí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń sun igi ṣe. Inú òkè ni wọ́n ti ń wà á bí ẹni wa òkúta. Títí di ìgbà náà, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń kó èédú wá fún rélùwéè Èkó. Inú àwọn aláṣẹ dùn. Wọ́n wá èbúté tí èédú yóò gbà jáde, wọ́n sì dá ìlú tuntun sílẹ̀ níbẹ̀, Port Harcourt, tí wọ́n fi orúkọ Lewis Harcourt sọ, ẹni tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní 1913, ó dé Enugu ní 1916, kìlómítà 243. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ò fẹsẹ̀ ara wọn wá. Àwọn olóyè tí ìjọba fi jẹ ló kó wọn wá.

Rélùwéè ló ń gbé èédú, rélùwéè náà ló sì ń rà á jù. Ọkọ̀ ojú omi ń kó o láti Port Harcourt wá sí Èkó, wọ́n ń dà á sínú ààrò ẹ́ńjìnnì tó ń lọ sí Òṣogbo. Ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná Ìjọra, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923, èédú náà ló ń jẹ. Àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ tó bá rìn dé Òṣogbo láyé ọjọ́un, èéfín òkè Udi ló ń fà símú láìmọ̀.

Bí ohun gbogbo ṣe rọ̀ mọ́ ẹrù kan yìí, ẹni tó ń wà á ló jẹ ìyà rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1949, àwọn awakùsà Iva Valley ní Enugu ń bèèrè owó tí wọ́n ní ìjọba jẹ àwọn. Wọn ò fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀; wọ́n kàn dẹwọ́ ni. Nígbà tó di ọjọ́ 18, ọlọ́pàá wá láti kó àdó olóró tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta kúrò níbẹ̀, wọ́n sì yìnbọn. Èèyàn 21 kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 50. Ìjọba tó bá ní ọ̀nà méjì tó ń gbà jẹun kì í bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ bí àwọn òṣìṣẹ́ bá dẹwọ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn yẹn wà lára ìtàn ojú irin Enugu, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn náà kó fò ó.

Ní 1956 wọ́n kan epo rọ̀bì ní Oloibiri. Rélùwéè náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ́ńjìnnì oní-dísù rọ́pò ti èédú, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà tó tóbi jù ṣe padà lẹ́yìn ọjà. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ti ihò kùsà pa. Nígbà tí wọ́n tún wọn ṣí, ẹni tí yóò ra èédú kò pọ̀ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn yóò ní ojú irin náà ṣoore: ṣebí òun ló sọ Aba àti Umuahia di ìlú ńlá? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n epo pupa, ekùrọ́ àti èrò ló ṣe é, kì í ṣe èédú. Nígbà tí ọkọ̀ èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Port Harcourt sí Aba ní 2024, ọlọ́jà àti arìnrìn-àjò ló wọ̀ ọ́. Bákan náà ni ti Warri sí Itakpe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987 láti máa kó irin tútù Itakpe lọ sí Àjàòkúta àti Aladja. Ọdún 33 ló gbà kí wọ́n tó ṣí i ní 2020, ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta ò sì tíì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Èrò ló gbà á là.

Ní Èkìtì, òkúta ni ìdẹwò náà. Ìkẹ́rẹ́ jókòó sábẹ́ òkè Olósùnta, òkúta yí i ká, owó sì wà nídìí òkúta. Kò ní ṣòro kí ẹnìkan dábàá ojú irin tí yóò kàn máa kó òkúta lọ sí Èkó. Kí wọ́n má gbà á. Ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n tọrọ ni èyí tí yóò ti Òṣogbo wá sí Iléṣà, Àkúrẹ́, Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, kó sì bọ́ sí Itakpe, kí kòkó, pákó, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òkúta àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìkẹ́rẹ́ jọ máa gbà á. Ìṣòro kan wà: ojú irin Òṣogbo fẹ̀ ní mìlímítà 1,067, ti Itakpe sì fẹ̀ ní 1,435. Bí wọn ò bá yanjú èyí látìbẹ̀rẹ̀, alábàárù yóò máa sọ ẹrù kalẹ̀ lágbedeméjì, yóò tún máa rù ú padà.

Owó rẹ̀ lè má tíì sí lónìí. Ilẹ̀ tí yóò gbà ṣì wà, àmọ́ ilé ń sáré bọ̀ láti Àkúrẹ́ àti láti Adó. Kí ìjọba Èkìtì àti ti Oǹdó wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n ri òpó sí i, kí wọ́n sì sanwó fún àwọn tó ni oko níbẹ̀ báyìí tí oko ṣì ni.